Bí A Ṣe Ń Di Àpò Ìtọ́jú Pàjáwìrì Sínú Báàgì Ọwọ́: Ohun Tó Ṣeé Bù àti Ohun Tí Kò Ṣeé Bù

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu yín: "Ilé ni páálí oògùn mi wà, ojú ọ̀nà lèmi fúnra mi máa ń wà. Kí ni mo lè dì sínú báàgì tí kò ní wúwo, tí kò ní jò, tí kò sì ní bàjẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó ń kúrò ní Ìkòròdú nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, tó ń bọ́ látinú dánfó sínú BRT kó tó dé Marina, kò lè gbé páálí oògùn há abíyá. Bí ẹnì kan bá sì ṣèṣe nínú ọkọ̀ lórí Third Mainland, afárá tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ìrọ̀lẹ́ sì ti há gbogbo yín mọ́bẹ̀, ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín lẹ ó fi tọ́jú rẹ̀.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ bù ú ní díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ṣeé bù, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Oògùn tí kò ní orúkọ àti déètì lára mọ́, ẹrù lásán ni. Gọ́ọ̀sì, aṣọ mímọ́ tí a fi ń bo egbò, tí ẹ bá ti já ọ̀rá rẹ̀ nílé, aṣọ lásán ni.

## Níbo ni àpò náà máa wà?

Ẹ dáhùn èyí kí ẹ tó náwó, torí ibi tí àpò náà máa wà ló máa sọ ohun tó máa wọ inú rẹ̀.

Nínú báàgì ọwọ́. Èyí gan-an ni mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Kí ó má tóbi ju ìwé orin ìjọ lọ. Bó bá ti tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gbàgbé rẹ̀ sílé lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ báàgì.

Nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ti dúró sóòrùn ní Òṣòdì láti àárọ̀, ẹ fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ó mọ ohun tójú oògùn ń rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ páálí oògùn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ooru ibi tí a bá gbé e sí má kọjá 30°C. Nítorí náà, gọ́ọ̀sì, báńdéèjì, ìbọ̀wọ́, sísọ́ọ̀sì àti tọ́ọ̀ṣì ni kó máa sùn nínú ọkọ̀. Oògùn oníhóró máa ń bá yín sọ̀ kalẹ̀. Sípíríìtì kò tilẹ̀ gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, torí pé ó ń gbiná.

Nílé. Páálí ńlá tilé lẹ ó máa bù látinú rẹ̀. Ibi tọ́wọ́ ọmọdé kò tó ni kó wà.

## Ohun tí ẹ máa rà

Fún báàgì ẹnì kan:

- pílásítà kéékèèké, 6 sí 8
- gọ́ọ̀sì tó wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, 4
- báńdéèjì tó ń fà, 1
- ìbọ̀wọ́ ìṣègùn, méjì-méjì lọ́nà 2
- paracetamol 500 mg, káàdì 1
- loratadine 10 mg tàbí Piriton 4 mg fún ara yíyún, hóró 4
- ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, sáṣẹ́ẹ̀tì 2
- povidone iodine, oògùn olómi tó ń pa kòkòrò létí egbò, ìgò tó kéré jù tí ẹ bá rí
- oògùn ìpara apakòkòrò díẹ̀
- pínnì 4, ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ ẹ̀gún, sísọ́ọ̀sì tórí rẹ̀ kò mú
- ọ̀rá mímọ́ tuntun 2
- oògùn tiyín, èyí tí dókítà kọ fún yín

Òwú kò sí níbẹ̀, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ yọ ọ́ ni. Fọ́nrán rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò, yíyọ rẹ̀ á sì tún di ìrora mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè fi nu ara tí kò bó.

Ní ti ibi tí ẹ ti máa rà á: pílásítà, gọ́ọ̀sì àti ìbọ̀wọ́, ẹ lè rà wọ́n ní páálí odidi, kí ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi iṣẹ́ dá owó jọ kí ẹ sì pín in. Ó dín owó kù gan-an, kò sì sẹ́ni tó nílò páálí ìbọ̀wọ́ odidi nínú báàgì. Oògùn ni kí ẹ má fi ṣe ọjà ẹ̀dínwó. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa kí wọ́n lè yẹ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ wò. Ilé oògùn tí apòògùn gidi wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ sì wo déètì.

Ẹ má sì ra oògùn tí wọ́n ń kà jáde látinú ike ńlá, tí wọ́n á bù sínú ọ̀rá funfun pénpé, tí wọ́n á wá fi báírò fa ìlà mẹ́ta sí i lára. Bóyá fún ìlò ọjọ́ mẹ́ta nílé, ẹ ó ṣì rántí ohun tó jẹ́. Nínú àpò tó máa wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ta ló máa mọ ohun tí hóró funfun yẹn ń wò?

## Ohun tí kò ṣeé bù

Ẹ ka èyí kí ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì.

- Gọ́ọ̀sì inú ọ̀rá tirẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti já, kòkòrò ti ráyè wọlé. Ẹ lè ká a po, ẹ má já a.
- Oògùn ojú. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò mìíràn láéláé. Ìgò tí ẹ bá sì ti ṣí ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dà á nù. Ẹ kà á lára páálí.
- Oògùn tó ń hó nínú omi. Ọ̀rinrin Èkó nìkan ti tó láti bà á jẹ́ kí ẹ tó dé bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù.
- Oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò tí à ń gbé mì. Ìlò odidi ni wọ́n. Artemether-lumefantrine jẹ́ ìlò mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó gbé mẹ́rin pamọ́ "nítorí ọjọ́ mìíràn" kò tọ́jú ibà tòní, kò sì ní tọ́jú tọ̀la. Ibà kì í tilẹ̀ í ṣe ọ̀rọ̀ inú báàgì: ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.
- Oògùn asímà tí à ń fà sẹ́nu. Odidi rẹ̀ ni kó wà nínú báàgì, kó sì wà lápá ibi tọ́wọ́ ti máa tètè tó o, kì í ṣe nísàlẹ̀ lábẹ́ gbogbo ẹrù.

## Bí ẹ ṣe máa dì í

### Oògùn oníhóró

1. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé káàdì oògùn, ẹ má tú hóró kúrò nínú ihò rẹ̀. Ihò yẹn ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọ̀rinrin.
2. Kí ẹ tó gé e, ẹ wá ibi tí wọ́n tẹ déètì sí. Ìpẹ̀kun kan ló sábà máa ń wà. Apá tó ní déètì lára ni kó wọ àpò. Èyí tó kù, ẹ dá a padà sínú páálí tilé.
3. Bí orúkọ bá gé sọnù, ẹ lẹ pílásítà bébà sẹ́yìn káàdì, kí ẹ fi báírò kọ orúkọ, agbára àti déètì sí i.
4. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì yí igun mímú tí ẹ gé po. Igun yẹn máa ń lu ọ̀rá, ó sì máa ń gún ọwọ́ ẹni tó ń wá nǹkan kánkán.
5. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí bébà pélébé kan. Paracetamol fún àgbà: hóró 1 tàbí 2, kí ó tó wákàtí 4 sí 6 kí ẹ tó tún lò ó, kí ó má ju hóró 8 lọ ní wákàtí 24.

Lórí paracetamol kan náà: ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ara ríro ló ti ní in nínú. Ẹni tó lo méjèèjì pọ̀ ti lo ìlọ́po méjì láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀. Piriton ní tirẹ̀ máa ń kunni lóorun; ẹni tó ń wakọ̀ tàbí tó ń gun ọ̀kadà kò gbọdọ̀ lò ó lẹ́nu iṣẹ́.

### Oògùn ìpara nínú sítírọ́ọ̀

Èyí lẹ ń béèrè jù. Bí ẹ bá rí tíúbù gíráàmù 5 rà, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà sítírọ́ọ̀, ẹ ki tíúbù náà bọ àpò. Bí kò bá sí, sítírọ́ọ̀ ike tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń mu ohun mímu tó ki, ló dára jù. Ti bébà kò ṣe é. Ẹ wá àbẹ́là, píláyà ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ àti igi òwú tí a fi ń nu etí.

1. Ẹ kó sípíríìtì kúrò nínú yàrá, ẹ pa fáànù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ.
2. Ẹ gé sítírọ́ọ̀ ní gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 5.
3. Ẹ fi píláyà di ẹnu kan mú, kí mìlímítà 2 péré yọ síta. Ẹ sún un mọ́ iná, kó má wọ inú iná. Ike náà á rọ̀, á sì lẹ̀ pọ̀. Ẹ má tíì tú píláyà. Ẹ jẹ́ kó tutù ná.
4. Ẹ fi ìka dí ẹnu kejì, kí ẹ fún un díẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń yọ, ẹ tún un jó.
5. Ẹ ki ẹnu tíúbù bọ ẹnu sítírọ́ọ̀, ẹ fún oògùn sí i títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà 1 kó kún.
6. Ẹ fi igi òwú nu inú ẹnu tó kù náà dáadáa. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń dojú rú: bí ọ̀rá oògùn bá fi lè kù síbẹ̀, ike náà kò ní lẹ̀, ẹ ó sì bá gbogbo àpò nínú ìpara lọ́jọ́ kejì.
7. Ẹ jó ẹnu kejì pa bíi ti àkọ́kọ́.
8. Ẹ lẹ pílásítà bébà mọ́ ọn. Ẹ kọ orúkọ, déètì àti ọjọ́ tí ẹ dì í.

Ìlò kan ni sítírọ́ọ̀ kan. Bí ẹ bá ti gé e lẹ́nu, èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù kódà bí déètì tíúbù kò bá tíì pé, torí pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ oògùn ló dì í, ẹ̀yin ni. Oògùn ìpara tojú kò sí lára ohun tí à ń fi sí sítírọ́ọ̀ o.

Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà máa ń fi àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá pẹ́ńpẹ́, ọwọ́ wọn á sì máa yá bí ẹni ń yí ojú ìwé. Ọ̀nà yẹn dára fún ohun gbígbẹ. Fún ìpara, ọ̀rá náà fẹ́lẹ́ jù.

### Ohun olómi

Povidone iodine ni kó wọ àpò. Sípíríìtì kò pọn dandan. Ìgò tí wọ́n tà á nínú rẹ̀ ni kó wà. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi ọ̀rá pélébé bo ẹnu ìgò, ẹ wá dé e padà le. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ìgò náà bọ ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ so ó, kí ó sì wà ní òró.

Ìkìlọ̀ tí kò ní àfi: ẹ má rọ oògùn olómi sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi mímu. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní ka ohun tí ẹ kọ sára rẹ̀.

### ORS

Ẹ má ṣí i. Ẹ fi ọ̀rá kejì wé sáṣẹ́ẹ̀tì náà, ó parí. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí a ṣe ń pò ó lójú ọ̀nà.

Ẹ kà á lára sáṣẹ́ẹ̀tì: lítà kan omi ni ọ̀pọ̀ ń gbà, àwọn kan sì wà tó jẹ́ ìdajì lítà. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50 cl, nítorí náà èyí tó gba lítà kan ń fẹ́ píọ̀ wọ́tà méjì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n da sáṣẹ́ẹ̀tì odidi sínú píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo. Iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù, ó sì léwu fún ọmọdé. Ẹ tún wo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà dáadáa, kí ẹ rí 50 cl níbẹ̀ kí ẹ tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí ẹ kò bá mu tán láàárín wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Bí kò bá sí ORS: ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, lítà omi mímọ́ kan. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé, ẹ fi ọ̀rá dì í, ẹ kọ "lítà 1" sí i lára. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru kí ẹ tó máa fojú wọn iyọ̀.

### Kéékèèké tó kù

Tápù ìdè egbò: ẹ má gbé róòlù odidi. Ẹ wé ìwọ̀n mítà kan mọ́ ara ike pélébé tí wọ́n yọ SIM kúrò lára rẹ̀, tàbí mọ́ ara báírò.

Agolo Robb kékeré tó ti tán ló dára jù fún pínnì àti ẹ̀mú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ má fi oògùn oníhóró sínú rẹ̀. Òórùn Robb kì í lọ pẹ̀lú ọṣẹ.

Ìbọ̀wọ́: ẹ ki ọ̀kan bọ inú èkejì, ẹ ká a, ẹ fi ọ̀rá dì í.

Ẹ kó ohun gbogbo sínú ọ̀rá onísíìpù, kí ẹ tẹ atẹ́gùn jáde kí ẹ tó pa á dé. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun láti fa ọ̀rinrin lè wọ inú rẹ̀, bí kò bá sí ọmọ kékeré tó lè rò pé ohun jíjẹ ni. Ìbọ̀wọ́ ni kó wà lókè pátápátá, gọ́ọ̀sì ni kó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì lẹ ó fẹ́ fà yọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Paracetamol lè dúró nísàlẹ̀.

## Ohun tí ẹ kò ní láti dì, torí ó ti wà lára yín tàbí nítòsí

- Ìborùn tàbí gèlè ni ẹ ó fi gbé apá tó ṣẹ́ kọ́rùn.
- Píọ̀ wọ́tà ni omi tí ẹ ó fi fọ egbò. Ẹ fẹnu pínnì mímọ́ lu igun rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Omi á máa tú jáde pẹ̀lú agbára.
- Pádì nǹkan oṣù tí ẹ kò tíì já ọ̀rá rẹ̀ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé e lé gọ́ọ̀sì lórí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò.
- Ọ̀rá tuntun lè di ìbọ̀wọ́ bí ìbọ̀wọ́ bá tán.

Ní ti iná, mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí pé ẹni tí irin èéfín ọ̀kadà jó lẹ́sẹ̀ kò jìnnà sí wa. Omi tútù tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20, ni ìtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á láàárín ọkọ̀, ẹ máa da á sí i níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ tuntun bò ó láìfún un. Tútùpéèsì, ẹyin tútù, epo pupa, ògì: ìkankan wọn kò gbọdọ̀ kan án. Epo pupa yẹn náà kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ tó bá mu kẹrosíìnì, ẹ má sì fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí a da sípíríìtì tàbí iodine sínú egbò tó jìn. Omi mímọ́ ni kó wọ inú. Iodine jẹ́ ti etí egbò.
- Kí a fi Robb ra ojú egbò. Ara tí kò bó ni wọ́n ṣe é fún.
- Kí a fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin.
- Kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú máa lo ibuprofen torí pé òun ló wà nínú àpò ẹlòmíràn.
- Kí a máa tọrọ pílásítà nínú àpò náà títí yóò fi ṣófo, láìsí ẹni tó ń dá a padà. Àpò ibi iṣẹ́ ló sábà máa ń kú ikú yìí.

## Káàdì tó máa wà lókè

Ẹ gé páálí kékeré kan, ẹ fi pílásítà tó mọ́ gaara bò ó kí omi má bà á jẹ́. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sí i:

- 767 àti 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, tí pípè wọn jẹ́ ọ̀fẹ́
- ẹni méjì tí wọ́n lè pè. Fóònù yín lè kú, tàbí kó wà ní títì
- oògùn tí ara yín kò gbà, àti èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́
- àìsàn tó ń ṣe yín: asímà, ìtọ̀ ṣúgà, wárápá, fòníkú-fọ̀ladìde
- ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ilé yín, àti èyí tó sún mọ́ ibi iṣẹ́

Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ kọ LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, àti General Hospital tó wà ní Ọdán. Bó bá jẹ́ eegun ló ṣẹ́, ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì wà.

## Ìgbà wo ni kí ẹ tú u wò?

Ẹ tú u wò kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, àti kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ wo déètì, ẹ fọwọ́ tẹ sáṣẹ́ẹ̀tì ORS: bó bá ti dì gbagidi tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó bá ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ sọ ọ́ nù. Bí àgbàrá bá ti fìgbà kan wọ báàgì yín, ẹ má yẹ nǹkan wò ní ẹyọ-ẹyọ. Gbogbo gọ́ọ̀sì àti oògùn tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù ní Ìkẹjà, ẹ yọ sísọ́ọ̀sì àti ẹ̀mú kúrò nínú báàgì ọwọ́, ẹ kó wọn sínú ẹrù tí wọ́n ń wọ̀n. Oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú páálí rẹ̀.